Oúnjẹ Ojú Lásán

Kí ọkùnrin tí gbogbo ará ọ́fíìsì ń pè ní Ayàwòrán tó di ẹni tí ń ya oúnjẹ fún ìwé ìròyìn, ojú èèyàn ló ń yà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí aṣọ búlúù kan wà lára ògiri rẹ̀, tí àga onígi kan sì wà níwájú aṣọ náà. Níbẹ̀ ló ti kọ́ bí a ti ń gbé iná kalẹ̀, bí a ti ń sọ fún ìyàwó tuntun pé kó rẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀, àti bí a ti ń dúró de ọmọ ọwọ́ títí ẹkún yóò fi dá lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní òfin kan. Kò sí fọ́tò tó gbọdọ̀ jáde nínú ṣọ́ọ̀bù náà tí ìyá ẹni tó ni ín kò ní dá mọ̀.

"Bí ìyá rẹ̀ bá rí i, tó ní 'ta nìyí', a jẹ́ pé a ti jí ọmọ ọlọ́mọ gbé nìyẹn," ni bàbá náà máa ń wí.

Nígbà tí ojú bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tó di pé kò dá gílóòbù mọ̀ yàtọ̀ sí fèrèsé mọ́, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ayàwòrán ti gbéyàwó nígbà náà, ìyàwó sì ti bí ìbejì, obìnrin méjèèjì. Ó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ kan tó ń tẹ ìwé ìròyìn olóṣooṣù, èyí tí ń kọ́ àwọn onílé bí wọ́n ṣe lè se oúnjẹ aládùn, kí wọ́n sì tẹ́ tábìlì kó wu àlejò. Wọ́n pè é. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dára jù lọ nínú èyí tó ní, ó lọ.

Obìnrin ni olóòtú ìwé náà. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Kì í pariwo mọ́ èèyàn, kì í na ìka sí èèyàn lójú, "àbúrò mi" ló sì ń pe gbogbo ẹni tó bá ń bá a ṣiṣẹ́, àtẹni tó jù ú lọ àtẹni tí kò jù ú lọ. Ó tú fọ́tò tí Ayàwòrán kó wá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "O mọ iná lò, àbúrò mi. Ẹni tó lè ya ojú èèyàn, ojú ẹja kò ní í yọ ọ́ lẹ́nu. Máa bọ̀ ní Mọ́ńdè."

Ní Mọ́ńdè yẹn, adìẹ ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀.

Yàrá tí wọ́n ti ń ya oúnjẹ wà lókè pátápátá, ó ní fèrèsé kan ṣoṣo tí wọ́n fi bébà dúdú bò. Obìnrin kan tó wọ ibọ̀wọ́ rọ́bà dúró ti tábìlì. Ọlọ́wọ́ Idán ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti tún oúnjẹ ṣe kí kámẹ́rà tó rí i. Ó mú adìẹ tútù kan, ó ki bébà ìnujú bọ inú rẹ̀ títí àyà rẹ̀ fi yọ síwájú. Ó fi abẹ́rẹ́ rán ìdí rẹ̀ pọ̀, ó fi pín-ìnnì fa awọ ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó fi iná wì í lára díẹ̀ kí awọ lè fà. Lẹ́yìn náà ó po nǹkan kan nínú àwo kékeré, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún.

"Kí lò ń kùn ún yẹn?" ni Ayàwòrán béèrè.

"Pólíìṣì bàtà. Mo fi ọṣẹ ìfọ-abọ́ lù ú díẹ̀ kó lè máa dán."

"Inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Tútù ni. Bó bá jinná, awọ rẹ̀ á hunjọ. Ta ló fẹ́ wo adìẹ tó hunjọ?"

Ayàwòrán rẹ́rìn-ín. Kò yẹ ká fi ìyẹn pamọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní idán gidi ni, ó sì ya adìẹ náà débi pé nígbà tí olóòtú rí i, ojú ìwé àkọ́kọ́ ló gbé e sí. Orúkọ Ayàwòrán wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kò tóbi ju kòkòrò èèrà lọ, ṣùgbọ́n ó ra ẹ̀dà mẹ́ta, ó fún àbúrò bàbá rẹ̀ ní ọ̀kan. Bàbá náà gbé ìwé súnmọ́ imú, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó béèrè pé, "Kí ni yìí?" Wọ́n ní adìẹ ni. Ó ní, "Ó ti jinná jù," ó sì dá a padà.

Bí ọdún mẹ́rin ṣe lọ nìyẹn. Mílíìkì tó ń ṣàn nínú ìwé náà, gọ́ọ̀mù káfíńtà ni. Oyin tó ń kán sórí búrẹ́dì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni, nítorí oyin gidi máa ń yára wọ inú búrẹ́dì lọ. Èéfín tó ń rú lórí ọbẹ̀ gbígbóná, òwú tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n sì gbé sẹ́yìn abọ́ ni. Ọbẹ̀ fúnra rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìjẹta. Ayàwòrán mọ gbogbo rẹ̀, ó sì mọ ibi tí yóò fi iná sí kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ń tóbi sí i lábẹ́ fọ́tò. Àwọn ìwé ìròyìn mìíràn ń wá a. Àwọn obìnrin ń gé àwòrán rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara ògiri.

Ohun kan tí fọ́tò kì í gbé ni òórùn. Iná ńlá mẹ́rin ló wà nínú yàrá yẹn. Bó bá fi máa di wákàtí kejì, ẹran tútù a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Omi pupa a máa yọ lábẹ́ apá adìẹ, a dà pọ̀ mọ́ pólíìṣì, a sì máa ṣàn sórí àwo funfun. Ọlọ́wọ́ Idán á fi òwú díẹ̀ nù ún, á sì tún un kùn. Bó bá jẹ́ ẹja ni, ó burú jù bẹ́ẹ̀. Ojú ẹja máa ń ṣú kíá, nítorí náà síbí ló fi ń yọ ojú wọn, tí yóò wá fi ìlẹ̀kẹ̀ dídán sínú ihò náà. Ayàwòrán kọ́kọ́ ń fi ẹnu mí kí imú rẹ̀ lè sinmi. Nígbà tó yá ó dà bíi pé ó ń tọ́ òórùn náà wò lórí ahọ́n, ó bá dá mímí padà sí imú.

Ibi tí òórùn bá sì ti wà, eṣinṣin kì í béèrè ọ̀nà. Ọlọ́wọ́ Idán ní oògùn fún wọn. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fín sí yàrá nítorí ẹ̀fọn. Èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń lò lóko ni, inú ìgò dúdú ló wà. Yóò po díẹ̀ mọ́ omi, yóò sì fín in sára oúnjẹ. Eṣinṣin tó bá bà lé ẹja lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ sókè ló máa kú sí. Ayàwòrán ló ń wo inú kámẹ́rà, òun ló ń rí èyí tó kù.

"Ọ̀kan ṣì wà nítòsí ìrù," ni yóò wí. "Fi kún un."

Ọlọ́wọ́ Idán á sì fi kún un.

Ẹ̀rín Ayàwòrán ti ń dín kù kí lẹ́tà kan tó dé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé ni ẹ̀rín náà tán. Obìnrin kan ló kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ya láti inú ìwé ọmọléèwé. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti se adìẹ tó wà níwájú ìwé yín nígbà mẹ́rin. Gbogbo ohun tí ẹ kọ ni mo tẹ̀ lé. Kò pọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ mi ni kò dára, ọkọ mi náà ti ń sọ ọ́ báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́?"

Ayàwòrán mú lẹ́tà náà lọ bá olóòtú. "Ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn, mà."

"Kí la máa sọ fún un?"

"Pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Pé pólíìṣì bàtà ni."

Olóòtú rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbúrò mi, bí ọwọ́ ẹni yìí bá ti tó adìẹ náà lónìí, kí ló máa tún ra ìwé wa fún lóṣù tó ń bọ̀?" Tíì rẹ̀ ti dà sórí tábìlì díẹ̀. Ó ká lẹ́tà náà sí méjì, ó fi nu tíì, ó sì jù ú sínú garawa. Kò bínú, kò sì pa ojú rẹ̀ dà. Bí ẹni tó nu imú ló ṣe ṣe é.

Ìríra tí Ayàwòrán ti ń fi ara gbé láti ọjọ́ yìí wá, inú ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó padà sókè, ó dúró ti tábìlì, ó ń wo ẹsẹ̀ ẹran kan tí Ọlọ́wọ́ Idán ń fi irin gbígbóná fa ilà sí lára kó lè dà bí èyí tí wọ́n yan. Òórùn awọ tó ń jó wọ ọ́ nímú. Ó rí i pé òun kò fẹ́ràn ọwọ́ òun mọ́.

Nílé, ẹran ló kọ́kọ́ sá fún. Lẹ́yìn náà ẹja, lẹ́yìn náà mílíìkì. Ìyàwó rẹ̀ a gbé oúnjẹ kalẹ̀, Ayàwòrán yóò máa wo bí epo ṣe ń dán lójú ọbẹ̀, á sì ti abọ́ náà sẹ́yìn. Ó máa ń ní òun ti jẹun níbi iṣẹ́. Ó rù. Ṣòkòtò rẹ̀ di ohun tí ó ń fi ọwọ́ fà sókè bó ti ń rìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fi fọ́ọ̀kì la itan adìẹ tó wà níwájú rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó ń wo ibi egungun bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó.

"Ẹ ń yẹ inú ẹran mi wò, Bàbá Ìbejì?"

"Rárá o."

"Mo rí yín. Ta ló ń fún yín lóúnjẹ níta? Ẹ sọ ọ́, mi ò ní í jà. Kí n ṣáà mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dùn jù tèmi lọ."

Ó rí i pé irọ́ kò ní í ran òun lọ́wọ́ mọ́, ló bá jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: bébà inú adìẹ, gọ́ọ̀mù, ọ́ìlì mọ́tò, ìlẹ̀kẹ̀ ojú ẹja. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ògiri mú kó má baà ṣubú. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ ti kan ògiri náà, ó dákẹ́. Àwòrán mẹ́fà ló wà níbẹ̀ tó gé láti inú ìwé ìròyìn ọkọ rẹ̀, tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sítóòfù.

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń wo nǹkan wọ̀nyí," ló wí. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń rò ó pé bóyá ìyá mi ni kò kọ́ mi dáadáa. Ẹ wà níbí. Ẹ jókòó sórí àga yẹn, ẹ ń wò mí."

Ìyàwó rẹ̀ kò sunkún, kò sì tún bá a sọ̀rọ̀ náà mọ́. Ó pe àwọn ìbejì wá jẹun, ó ń ṣa egungun kúrò nínú ẹran wọn bí ó ti máa ń ṣe.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà yẹn. Òun náà béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ń sọ pé àwọn ọmọ wà níléèwé, pé kò síbi tí òun máa lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ kejì wà lábẹ́ rẹ̀: ó fẹ́ràn láti máa rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé. Ohun tó ń rí i lára, òun ló tún ń wù ú, ìyẹn sì ni kò jẹ́ kó lè wo dígí dáadáa.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, wọ́n ní kí wọ́n ya tábìlì àlejò ńlá kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé ẹja gígùn kan sí àárín tábìlì, Ọlọ́wọ́ Idán ti fi epo kùn ún títí ó fi ń dán bí bàtà sọ́jà. Eṣinṣin pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ayàwòrán ní kí ó fi kún un, ó tún ní kí ó fi kún un. Nígbà tí wọ́n parí, ó ti rẹ gbogbo wọn. Tẹ́lẹ̀, Ọlọ́wọ́ Idán máa ń da omi ọṣẹ lé oúnjẹ náà lórí nínú ọ̀rá ìdọ̀tí kí ẹnikẹ́ni má baà ronú kàn án. Lọ́jọ́ náà kò ṣe é. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó lọ.

Obìnrin àgbà kan ló ń gbálẹ̀ iléeṣẹ́ náà. Màmá Agbálẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò tíì pé oṣù méjì tó débẹ̀. Ẹni tó gbálẹ̀ ṣáájú rẹ̀ mọ̀ pé ohun tó bá ti inú yàrá òkè jáde kì í ṣe nǹkan ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti fẹ̀yìn tì, kò sì sẹ́ni tó rántí sọ fún ẹni tuntun. Màmá Agbálẹ̀ tú ọ̀rá náà, ó rí odidi ẹja tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ó wò ó pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ sórí ààtàn. Ó wé e sínú ìwé ìròyìn, ó gbé e lọ sílé, níbi tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé.

Ọjọ́ kejì kò wá síbi iṣẹ́. Ọjọ́ kẹta náà kò wá. Ayàwòrán ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ tí akọ̀wé ń sọ fún ẹnì kan pé wọ́n pe òun láti ilé Màmá Agbálẹ̀, pé màmá náà àti àbúrò rẹ̀ wà nílé ìwòsàn, oúnjẹ kan ni wọ́n jẹ tí kò bá wọn lára mu.

"Oúnjẹ wo?" ni Ayàwòrán béèrè.

"Wọ́n ní ẹja ni."

Kò gbé báàgì rẹ̀. Kò tilẹ̀ bọ́ bùbá iṣẹ́ tí pólíìṣì wà lára rẹ̀. Ó jáde.

Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n tẹ́ àwọn méjèèjì sí nínú wọ́ọ̀dù. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu àbúrò láìdá, nọ́ọ̀sì kan ń fi nǹkan fà á. Ẹran ara rẹ̀ ń fò lábẹ́ awọ bíi pé ohun abẹ̀mí kan wà níbẹ̀. Màmá Agbálẹ̀ lè sọ̀rọ̀ díẹ̀. Nígbà tó rí Ayàwòrán, ó fẹ́ dìde.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mo mú ẹja kan. Inú ìdọ̀tí ni mo ti mú un o, kì í ṣe orí tábìlì yín."

"Màmá, ẹ dùbúlẹ̀."

"Mo fọ̀ ọ́ dáadáa. Omi mẹ́ta ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo yọ ìlẹ̀kẹ̀ ojú rẹ̀, mo fi pamọ́ fún yín. Mo rò pé ẹ máa fẹ́ ẹ padà."

Dókítà wọlé, ọkùnrin kan tí àárẹ̀ ti jẹ lójú. Ó béèrè bóyá Ayàwòrán mọ ohun tí wọ́n jẹ. Ayàwòrán ní, "Oògùn kòkòrò ni. A fín in sára ẹja náà."

"Ẹ fín oògùn kòkòrò sára oúnjẹ?"

"Kì í ṣe fún jíjẹ, dókítà. Fún fọ́tò ni."

"Kí wá ni oúnjẹ tí kì í ṣe fún jíjẹ?"

Ayàwòrán wo ilẹ̀. Etí rẹ̀ ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀: fi kún un, fi kún un. Dókítà ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ohun tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú títì, kó tó mọ ohun tó jẹ́. Ó ní, "Oògùn wo ni? Mo nílò orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìtọ́jú ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì."

Ayàwòrán pe Ọlọ́wọ́ Idán lórí fóònù. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí ìyẹn fi dá a dúró.

"Mo ti gbọ́. Ọ̀gá ní ká má bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan."

"Orúkọ oògùn yẹn nìkan ni mo fẹ́."

"Mi ò rántí," ni Ọlọ́wọ́ Idán wí, ó sì pa fóònù.

Ayàwòrán sáré padà sí iléeṣẹ́. Wọ́n ti kó ìgò náà kúrò níbi tó máa ń wà. Ó tú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tú àpótí, ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ń kó aṣọ tábìlì sí ló ti rí i, wọ́n fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, olóòtú dúró lórí àtẹ̀gùn, ó mú bísíkíìtì dání.

"Ibo lò ń gbé ìyẹn lọ, àbúrò mi?"

"Ilé ìwòsàn."

"Ohun ìní iléeṣẹ́ ni." Ó gé bísíkíìtì jẹ, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. "Mo káàánú màmá yẹn o. Ṣùgbọ́n a kò pè é sí oúnjẹ. Ẹni tó ń tú ìdọ̀tí olówó kiri, ohun tójú ń wá lojú ń rí."

Ẹ̀rúnrún bísíkíìtì lẹ̀ mọ́ ètè rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń gbọ̀n bó ti ń sọ̀rọ̀. Ayàwòrán kò lè mú ojú kúrò níbẹ̀. Ó fi èjìká gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìdá a lóhùn, ó sì wọ ọkọ̀.

Dókítà ka ara ìgò náà, ó pe nọ́ọ̀sì, wọ́n yí ìtọ́jú padà lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kejì Màmá Agbálẹ̀ ti ń mu omi. Àbúrò rẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ̀lú rọ́bà lọ́fun. Kò kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró jẹ́ẹ́ mọ́ láti ìgbà náà. Télọ̀ ni obìnrin yìí tẹ́lẹ̀. Kò lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí olóòtú fi pe Ayàwòrán sí yàrá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lù ú lẹ́jìká, ó ní òun mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò lélẹ̀, ó sì na ìwé kan sí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ni Màmá Agbálẹ̀, pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta níṣojú àwọn ẹlẹ́rìí pé kó má mú nǹkan kan kúrò nínú yàrá òkè, àti pé wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọlọ́wọ́ Idán ti fọwọ́ sí i. Àyè ẹlẹ́rìí kejì ṣófo.

"Àmì kékeré kan ni," ni olóòtú wí. "Ìwọ náà wà níbẹ̀. Ìwọ lò ń ní kó fi oògùn kún un. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ìta, àbúrò mi, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú?"

Ayàwòrán ní òun yóò gbé e lọ kà lókè. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Gbogbo ayàwòrán ló máa ń ya fọ́tò ìdánwò kó tó ya èyí gan-an, láti mọ̀ bí iná ṣe rí, kò sì pa ọ̀kankan rẹ́ láti ọdún mẹ́rin. Ó ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí adìẹ tí bébà yọ nídìí rẹ̀. Ó rí síbí nínú ojú ẹja, ó rí omi pupa lórí àwo funfun, ó rí ọwọ́ Ọlọ́wọ́ Idán tó gbé ìgò oògùn lé oúnjẹ lórí, ọjọ́ àti wákàtí wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́wà. Iná wọn dára. Ìyẹn gan-an ló mú un dìde, ó sáré dé ibi ìfọwọ́, ó bì títí kò fi sí nǹkan kan mọ́ tó lè jáde àfi omi kíkorò.

Ó fọ ẹnu, ó tẹ fọ́tò ogójì jáde, ó fi ìwé olóòtú sí abẹ́ wọn láìfọwọ́ sí i, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpòòwé kan. Ọ́fíìsì àwọn wòlé-wòlé ló gbà lọ. Ọ̀gá wọn ń jẹun ọ̀sán lórí tábìlì. Ó gba àpòòwé náà pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó wo fọ́tò kìíní, ó wo èkejì, nígbà tó dé ìkẹta ó dé abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ló ya ìwọ̀nyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀?"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ń sọ pé kó fín in. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Bó ṣe parí kò dára tó bí àwọn èèyàn ṣe máa ń fẹ́ kí ìtàn parí. Àwọn wòlé-wòlé ti yàrá òkè pa fún oṣù mẹ́ta. Iléeṣẹ́ náà wọ́gi lé ẹ̀sùn olè náà, wọ́n sì gbà láti máa san owó ìtọ́jú àbúrò Màmá Agbálẹ̀. Wọ́n tọrọ àforíjì nínú ìwé ìròyìn, lójú ìwé tó kẹ́yìn, lábẹ́ ìpolówó búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré débi pé èèyàn níláti wọ awò ojú kó tó rí i kà. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa pólíìṣì. Olóòtú kò kúrò lórí àga rẹ̀. Ọlọ́wọ́ Idán ti ní iléèwé tirẹ̀ báyìí, ó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn níṣẹ́. Wọ́n ní kí Màmá Agbálẹ̀ padà wá. Ó ní òun dúpẹ́, òun kò ní í gbálẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fi májèlé ṣe ọ̀ṣọ́.

Ayàwòrán ni wọ́n lé. Àwọn ìwé ìròyìn tó ń wá a tẹ́lẹ̀ kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ kò dúró, pé ó ń tú àṣírí ilé. Oṣù márùn-ún ló fi jókòó sílé. Lẹ́yìn ìyẹn, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ilẹ̀kùn gbà á láti máa ya àwọn ilẹ̀kùn wọn sínú ìwé tí wọ́n ń fi han oníbàárà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹni tó ti ń ya àsè wá di ayàwòrán pákó. Ó máa ń dá wọn lóhùn pé ilẹ̀kùn kì í rà, eṣinṣin kì í sì í bà lé e.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń lọ sílé Màmá Agbálẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àbúrò kì í jáde sí i. Nígbà tó ṣe, ó ń jáde, ó ń jókòó, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ nípa òjò àti ìyàwó ilé kejì. Ayàwòrán ló ń bá a fi òwú sójú abẹ́rẹ́, ogún tàbí ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, yóò tò wọ́n sára ìrọ̀rí kékeré kan, kí ó lè rí i lò fún aṣọ tí kò ní iṣẹ́ púpọ̀. Kò dárí jì í lẹ́nu rí. Òun náà kò béèrè.

Ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, olóòtú pè é. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ní wọ́n ti gba ayàwòrán méjì lẹ́yìn rẹ̀, kò sí èyí tó mọ iná lò nínú wọn, pé àwọn tó ń ka ìwé náà ń béèrè rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ àná ti lọ.

"A ti jáwọ́ nínú oògùn yẹn, àbúrò mi. Àwọ̀n la ń fi bo oúnjẹ báyìí."

"Pólíìṣì ńkọ́, mà?"

"O mọ̀ pé adìẹ kì í pọ́n bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀."

Ayàwòrán ní, "Ó dàbọ̀, mà." Ó pa fóònù. Ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nu ojú fóònù náà, ó tún nu etí ara rẹ̀, bíi pé nǹkan kan ti kán sí i. Ìyàwó rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń di irun ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, ó mú òòyà sẹ́nu. Ó béèrè ẹni tó pè.

"Ẹnì kan tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́," ni ó dáhùn.

"Ẹ wá sọ pé kí ni?"

"Mo ní ó dàbọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ yọ òòyà lẹ́nu, ó pín irun tó kù sí méjì, ó ní kó bá òun di ìbejì kejì mú kó má baà sá lọ.